Ta Ló Ni Owó Ìfẹ̀yìntì?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wo owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà. Àwọn kan gbà pé ara owó iṣẹ́ ni, tí agbanisíṣẹ́ dì mú títí òṣìṣẹ́ yóò fi dàgbà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbèsè ni, a kì í sì í bẹ onígbèsè kó tó san ohun tó jẹ. Àwọn mìíràn gbà pé ọrẹ ni, tí ìjọba fi ń yẹ́ ẹni tó sìn ín sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fúnni lè fún, ó sì lè dáwọ́ dúró, ẹni tí wọn kò fún náà sì lè bèèrè ohun tó ṣẹ̀. Ní agbègbè Yábàá, Sùúrùlérè àti Múṣin ní Èkó, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti amòfin nìkan. Ọlọ́pàá tó fẹ̀yìn tì ní Pánti àti ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wa dánfó láti Ojúẹlẹ́gba lè máa gbé ojúlé kan náà, kí òṣìṣẹ́ relùwéè àtijọ́ sì bá aránṣọ Tẹ̀júoṣó pín ọgbà. Bí ọjọ́ ogbó bá dé, àwọn kan nínú wọn ní fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn yòókù kò ní.

Nínú òfin àkọ́kọ́, ọrẹ ni. Òfin ìfẹ̀yìntì tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1951, tí wọ́n ní kó múlẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1946, ro ti òyìnbó tó wá ṣiṣẹ́ níbí ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ. Ìkáwọ́ gómìnà ni ìfọwọ́sí wà, òṣìṣẹ́ kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀tọ́ òun ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ oṣù ti wọ Èkó lára tipẹ́ nígbà náà. Láti 1896 ni wọ́n ti ń na ojú irin láti Ìdó lọ sókè, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Èbúté-Mẹ́ta ni olú ilé-iṣẹ́ relùwéè, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, tí wọ́n sì kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́.

Àárín àwọn òṣìṣẹ́ yìí gan-an ni èrò pé ọrẹ ni owó òṣìṣẹ́ ti kọ́kọ́ pàdé àtakò tó le. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1941, Michael Imoudu, aṣáájú ẹgbẹ́ wọn, kó wọn jáde láti Èbúté-Mẹ́ta, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé gómìnà ní Erékùṣù Èkó. Ní 1945, relùwéè tún wà lójú ọ̀nà nínú ìyanṣẹ́lódì gbogbogbò tó lé ní oṣù kan. Owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ni wọ́n ń bèèrè, àfikún owó ni, nítorí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ ni pé ohun tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tọrọ. Lẹ́yìn òmìnira, òfin gba èrò yìí wọlé díẹ̀díẹ̀. Òfin ìfẹ̀yìntì 1979, tí ipá rẹ̀ padà sẹ́yìn dé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 1974, fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1992, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún lè gba owó àjẹmọ́nú, ẹni tó bá ṣe mẹ́wàá lè gba owó oṣooṣù títí ikú. Ẹni tó bá pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ yóò gba ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì máa gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń gbà kẹ́yìn. Ká ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà ni owó ọdún kan rẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ni yóò gbé lọ sílé, yóò sì máa gba ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà lóṣù. Nínú ìwé, ètò tó dùn ni. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tí wọ́n ń kó owó náà sí. Inú ìṣúná ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń wá a.

Ní 1961 ni ìjọba ti dá àpò ìfowópamọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni: òṣìṣẹ́ dá díẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ dá díẹ̀. Ohun tí èèyàn rí níbẹ̀ ni owó ẹ̀ẹ̀kan, kò sí owó oṣooṣù. Láti ìgbà náà ni ìyàtọ̀ ti wọlé, ó sì hàn kedere jù nínú iṣẹ́ ọkọ̀ èrò. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1958, Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó ra ọkọ̀ èrò tí J. N. Zarpas, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, ń ná, wọ́n sì sọ ọ́ di ti ìlú. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìlú di òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀, ó ní ọ̀gá, ó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Nígbà tó yá, mọ̀lúè àti dánfó gba títì mọ́ ọkọ̀ ìlú lọ́wọ́. Títì kan náà ni, èrò kan náà ni, oòrùn kan náà ló ń pa awakọ̀. Ẹni tó ni mọ́tò ló ń gba owó ọjọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ dánfó, ọjọ́ tí awakọ̀ náà kò bá lè jókòó sídìí sítíárì mọ́ ni iṣẹ́ parí, kò sí ìwé kankan tó so ogbó rẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀hónú àwọn aládàáni sí ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Owó tí ìjọba fi ń san ìfẹ̀yìntì lábẹ́ ètò 1979, owó gbogbo ìlú ni: owó epo rọ̀bì tí kò sí ẹni tó ni ín ju ẹnìkejì lọ, àti owó orí ọjà tí aránṣọ ń san nígbàkígbà tó bá ra kírédíìtì fóònù. Ó ń dá sínú àwo tí kò ní bu níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn. Ní Ìlúpéjú àti Mátọ̀rí, èèyàn lè fi ọdún mẹ́wàá ṣe òṣìṣẹ́ ojúmọ́ láìgba ìwé iṣẹ́. Ibòmíràn, ọ̀gá yóò yọ owó kúrò nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ lórúkọ ìfẹ̀yìntì, kò sì ní kó o dé ibi tó yẹ. Àṣà yìí gbilẹ̀ débi pé láti 2012 ni PenCom, àjọ tó ń bójú tó ètò ìfẹ̀yìntì, ti ń rán àwọn agbowó láti lọ gbà á padà. Bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá ń fẹ́ àfikún owó ìfẹ̀yìntì, kì í ṣe ìwà burúkú ló mú un fajú ro.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí èèyàn wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Òfin tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí ní 2004 yí ètò náà padà: òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni yóò máa dáwó sínú àkáǹtì kan lórúkọ òṣìṣẹ́. Láti 2014, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti òṣìṣẹ́, ìdá 10 ni ti ọ̀gá rẹ̀. Ètò kan náà ló wà fún ọlọ́pàá àti akọ̀wé báńkì. Owó tó wà nínú àpò náà lé ní ogún tírílíọ̀nù náírà ní 2024, àwọn tó sì ní àkáǹtì lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Lọ́dún kan náà, ọ̀wọ́n ọjà tí ìjọba fúnra rẹ̀ kéde kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí àkáǹtì tó lè sáré bá a. Nípa ti àwọn arúgbó relùwéè tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́, ọ́fíìsì PTAD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, ló gba fáìlì wọn. Wọ́n ní láti wá fi ara wọn hàn pé àwọn ṣì wà láàyè. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá, ní oṣù kìn-ín-ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá dá ẹjọ́ John Yakubu Yusufu, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó náà, tó jẹ́wọ́ nínú ọ̀ràn bílíọ̀nù náírà lọ́nà ogún ó lé. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí owó ìtanràn 750,000 náírà ni wọ́n dá fún un. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ní kó dá owó padà. Ohun tí aládàáni ń ṣe ìlara rẹ̀, ìlérí ni jù bó ṣe jẹ́ owó lọ.

Àwọn onímọ̀ àtijọ́ ti wo irú ìbínú yìí. Aristotle, nínú ìwé rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yí èèyàn lọ́kàn padà, ya oríṣi ẹ̀dùn ọkàn mẹ́ta sọ́tọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń wá láti inú rírí ire ẹlòmíràn. Èyí àkọ́kọ́ kàn ń dun èèyàn nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ẹgbẹ́ náà ní kò dín tirẹ̀ kù. Èkejì ń dun èèyàn nítorí pé ẹni tó rí ire náà kò yẹ fún un. Ẹ̀kẹta ń dun èèyàn nítorí pé òun kò ní irú rẹ̀, ó sì ń tì í láti wá a. Ẹnu kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà jáde ní ilé ọtí tàbí ní ìdíkọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan máa ń yà wọ́n: bí wọ́n bá fagi lé owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá lọ́la, ṣé ọkàn ẹni tó ń bínú yóò balẹ̀? Ẹni tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti fi ara rẹ̀ hàn. Ìwé mímọ́ méjèèjì tí wọ́n ń kà jù ní Múṣin kò fara mọ́ ọn. Súrà 113 nínú Kùránì kọ́ Mùsùlùmí láti wá ààbò kúrò lọ́wọ́ ibi onílara, àwọn Kristẹni sì ní òwe ọgbà àjàrà nínú Mátíù orí 20.

Òwe náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju bí àwọn oníwàásù ṣe máa ń lò ó lọ. Baálé kan gba àwọn alágbàṣe ní òwúrọ̀, ó gba òmíràn ní ọ̀sán, ó gba àwọn kan nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ó sì san iye kan náà fún gbogbo wọn. Àwọn tó ti fi gbogbo ọjọ́ jóòró nínú oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Èsì baálé ni pé ohun tí wọ́n jọ ṣàdéhùn rẹ̀ ni òun fún wọn, àti pé owó òun ni òun ń ná. Ìdí tí èsì yìí fi dúró nìyẹn: owó tirẹ̀ ni. Ìjọba kò lè fi í fèsì. Kò ní owó tirẹ̀, àpò gbogbo alágbàṣe ni ó ti ń ná. Ẹni tó ń kùn ní Ojúẹlẹ́gba, ara àwọn tó ni ọgbà ni. Síbẹ̀, apá kan nínú òwe náà de ìjọba gírígírí, ìyẹn ni àdéhùn. Léfítíkù orí 19 kò jẹ́ kí owó alágbàṣe sùn mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ di òwúrọ̀, hàdíìsì tí Ibn Majah gbà sílẹ̀ sì ní kí wọ́n san án kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Bí ìfẹ̀yìntì bá jẹ́ owó iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró, òógùn òṣìṣẹ́ relùwéè ti gbẹ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìṣúná kò tíì lọ sílé ìwé. Ìbínú aládàáni, bó ti wù kó tọ́ tó, kò lè pa gbèsè yẹn rẹ́. Àìríjẹ lámọ̀rín kò sọ owó tí wọ́n jẹ tàmẹ̀dù di ọ̀fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn kan ní Èkó, lẹ́yìn EndSARS ti oṣù kẹwàá 2020 pàápàá, ń bèèrè ìdí tí ẹni tó ti fi ọdún 35 gba rìbá lójú pópó yóò fi tún gba ìfẹ̀yìntì. Òfin ti fèsì sí apá kan: ẹni tí wọ́n bá lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìwà ìbàjẹ́ lè pàdánù ohun tó yẹ kó gbà lábẹ́ ètò àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan ni wọ́n ń gbọ́ ní ilé ẹjọ́, wọn kì í gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ aṣọ. Bí a bá ní kí gbogbo ọlọ́pàá pàdánù nítorí ohun tí púpọ̀ nínú wọn ṣe, ẹni tó kọ rìbá ni yóò jìyà jù, torí òun ni kò ní ohun mìíràn lẹ́yìn owó oṣù. Ẹni tó gbà á ti san ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ohun tí àwọn ọlọ́pàá ń bèèrè ni pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò nínú ètò àdájọ ti 2004, kí wọ́n sì fi àwọn sí ibi tí wọ́n fi àwọn ológun sí. Ní 2011 ni wọ́n yọ àwọn ológun àti àwọn òṣìṣẹ́ àṣírí ìjọba kúrò. Ní oṣù keje 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì jáde ní Àbújá, àwọn arúgbó dúró nínú òjò. Àwíjàre wọn lágbára: àwọn náà ń gbé ìbọn, àwọn náà ń kú lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ewu bá jẹ́ òṣùwọ̀n, panápaná ń wọ inú iná, nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ kan aláìsàn, awakọ̀ dánfó sì ń kú ní títì márosẹ̀ láìgbé ìbọn. Ó ṣòro kí èèyàn má fura pé òṣùwọ̀n mìíràn ló wà nídìí ọ̀rọ̀, ìyẹn agbára láti dẹ́rù ba ìjọba. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rù pín ìfẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ ẹni tó lè da ìlú rú ni owó yóò máa lọ, tí ẹni tó lè ṣe sùúrù nìkan yóò sì máa dúró. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tọdún 2007 lórí gómìnà àná fi èyí hàn láìbò: ìfẹ̀yìntì tó tó gbogbo owó oṣù gómìnà, ilé kan ní Èkó, ilé kan ní Àbújá, mọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, fún iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ. Gómìnà Sanwó-Olú sọ ní oṣù kọkànlá 2020 pé òun fẹ́ kí wọ́n fagi lé e, àwọn aṣòfin sì gé e sí ìdajì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń wá ohun tí kò yẹ ẹni tó gbà á, ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kó tó dé orí sájẹ́ǹtì.

Bí ìfẹ̀yìntì bá jẹ́ gbèsè agbanisíṣẹ́, kí ni ti ẹni tí kò ní agbanisíṣẹ́? Ibí yìí ni èrò pé owó iṣẹ́ ni ti tó òpin agbára rẹ̀. Ó gba òṣìṣẹ́ relùwéè là, ó sì fi alágbàfọ̀ sílẹ̀. Yorùbá ní ìdáhùn kí ìjọba tó dé: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìdílé ni ọ́fíìsì ìfẹ̀yìntì. Ètò náà ṣe é ṣe nígbà tí ọmọ ń gbé tòsí, tí oko sì wà. Nínú yàrá kan ní Múṣin, ọmọ tó yẹ kó fún baba lọ́mú ń san owó ilé, ó ń san owó ilé ìwé ọmọ tirẹ̀, tàbí ó ti bá ọkọ̀ òfurufú lọ. Èsúsú, tí Samuel Johnson mẹ́nu bà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, àti àjọ ń ran ọlọ́jà lọ́wọ́ láti kó owó jọ, ṣùgbọ́n owó oṣù kan tàbí ọdún kan ni alájọ ń kó, kì í kó ogún ọdún. Ètò ìfẹ̀yìntì kékeré tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kẹta 2019 fún ẹni tó dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe jọ àjọ gan-an. Ohun tó ní nínú kò ju ohun tí talákà bá fi sínú rẹ̀ lọ.

Àáró ló sún mọ́ ohun tí wọ́n ń wá jù. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ ń ro oko ara wọn ní yíyípo, ẹni tó ṣiṣẹ́ lóko ẹlòmíràn lónìí mọ̀ pé ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀. Bí wọ́n bá wò ó káàkiri ìran, gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ le ti ro oko ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ pé ó gba ìwé iṣẹ́ tàbí kò gbà. Irú èrò yìí wà nínú ìtàn kan tí Abu Yusuf, adájọ́ àgbà ní Bágídádì, kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí owó orí. Umar, kálífà kejì, bá baba arúgbó kan, Júù tí ojú rẹ̀ fọ́, tó ń ṣagbe. Nígbà tó gbọ́ pé owó orí àti àìní ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ó mú un lọ sílé, ó fún un ní nǹkan, ó sì ránṣẹ́ sí olùtọ́jú àpò ìlú pé kò bójú mu kí wọ́n jẹ èwe ọkùnrin náà tán kí wọ́n sì pa á tì nígbà ogbó. Baba náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kì í ṣe Mùsùlùmí. Owó orí tó ti san nígbà tó lágbára ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ dúró lé. Lójú ìtàn yìí, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí awakọ̀ dánfó ti gbà láàárín Fádéyì àti Ìdí-Oró láti òwúrọ̀ ayé rẹ̀, ẹ̀rí ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń dé ọ̀dọ̀ ìjọba.

Òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ Nàìjíríà tọdún 1999 gba ọ̀nà méjèèjì, ti gbèsè òṣìṣẹ́ àti ti ìtọ́jú gbogbo ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n agbára tó fún wọn kò dọ́gba. Abala 173 dáàbò bo ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì ní kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò rẹ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù. Òṣìṣẹ́ lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Abala 16 ní kí ìjọba rí i pé ìtọ́jú ogbó àti ìfẹ̀yìntì wà fún gbogbo ọmọ ìlú, kò yọ alágbàfọ̀ sílẹ̀, kò yọ awakọ̀ sílẹ̀. Orí Kejì ni abala yìí wà, abala 6 sì ti ká ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ kò lórí ohun tó wà nínú orí yẹn. Nítorí náà, ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹ̀tọ́, ti àwọn yòókù sì kù sí ọwọ́ ẹni tó bá wà lórí àga, gẹ́gẹ́ bí gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ gómìnà amúnisìn ní 1951. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti dán irú ìtọ́jú gbogbo ìlú bẹ́ẹ̀ wò. Ní 2011, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn arúgbó tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò ní ìfẹ̀yìntì kankan, láìbèèrè ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró.